Ṣé Kíbọ́ọ̀dù Ló Bàjẹ́ Ni, àbí Àwa?

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ròyìn ohun tí ojú wa rí nígbà tí a ń ṣètò ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá.

Ó ku ọ̀la tí a ó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ni láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ṣàdédé yí ìwà padà. Mo tẹ oko, 626 ló jáde. Mo tẹ ilu, ó di 534. Orúkọ Ààrẹ wa wá dà bíi nọ́ńbà tẹlifóònù. Akápò ní kí a gbàdúrà sí i. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ọjà. Kò tilẹ̀ bi wá léèrè ohun kan tó fi sọ pé kíbọ́ọ̀dù ti kú, kí a mú náírà 18,000 wá kí òun lọ ra òmíràn. A san án. Inú owó tí a fẹ́ fi tẹ abala mẹ́rin tí ewì àwọn ọmọ ọdún kìíní wà ni a ti mú un.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin ọdún kìíní kan wọlé wá béèrè bóyá ewì òun yóò jáde. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wò ó.” Ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, Fn àti NumLk. Ó tẹ oko. Oko ló jáde.

Ojú tì mí débi pé n kò lè dúpẹ́ dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Àwọn láptọ́ọ̀pù kéékèèké kan kò ní ààyè nọ́ńbà lápá ọ̀tún, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi nọ́ńbà pamọ́ sára lẹ́tà. Bí NumLk bá ti wà ní títàn, J, K, L a di 1, 2, 3. U, I, O a di 4, 5, 6. M a sì di òdo. Kíbọ́ọ̀dù náà kò ṣàìsàn rárá, iṣẹ́ tí a rán an láìmọ̀ ló ń jẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní òkú ló wà láàyè. Bí ẹ bá gbé ìka lé Shift apá ọ̀tún fún ìṣẹ́jú àáyá 8, Windows lè rò pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí dídi sí gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀ kíákíá. Bí ẹ bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún léra, òmíràn tún ni yóò yọjú. Torí àwọn tí ọwọ́ wọn kò gba ìtẹ̀wé ni wọ́n ṣe ṣe é, ohun rere sì ni. Bí ẹ bá tẹ @ tó sì di àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, ètò ti Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà ló dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Kí ẹ tó náwó, ẹ yá kíbọ́ọ̀dù oníwáyà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, kí ẹ kì í bọ ojú USB. Bí ti àyálò náà bá ń ṣe bákan náà, inú ètò kọ̀ǹpútà ni kí ẹ wá a sí. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ geere tí ti ara láptọ́ọ̀pù kò sì ṣe é, ó ṣeé ṣe kí àìsàn wà lára rẹ̀ lóòótọ́.

Àìsàn náà sì wà, n kò sọ pé kò sí. Ní ìlú tí a wà yìí, eruku ọyẹ́ àti kúnnú ni ọ̀tá kíbọ́ọ̀dù. Lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fa ìlà iná sí ló wà níbẹ̀. Títẹ̀ tí a tẹ bọ́tìnnì ló ń mú ìlà kan kan èkejì. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí kò dáhùn, ìdọ̀tí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ rọra gbọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì bíi mẹ́ta mẹ́rin bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kí ìlà kan ti já. Ìyẹn gan-an ni ti oníṣẹ́. Bí kúnnú bá dà sí i, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ wáyà iná. Omi á gbẹ, ṣúgà kò ní gbẹ lọ. Ẹ má tàn án láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ìwò yẹn ló ń pa á. Bí àárín kíbọ́ọ̀dù bá sì wú sókè bíi búrẹ́dì, bátìrì ló wú. Ẹ má fi ohunkóhun gún un.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù kò tíì jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí oko di 626, gbogbo wa pariwo. Nínú ìwé ìròyìn ọdún náà kan náà, a tẹ ìkéde ìrìn àjò ẹgbẹ́ báyìí: “Oko awon akekoo yoo de ni aago meje.” Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Àwọn ọmọbìnrin kan kàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ ta ló ń bọ̀. Oko ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ́, àbí ọkọ̀, àbí ọ̀kọ̀? Ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tí n kò ní kọ síbí. Kí ni 626 fi burú ju ìyẹn lọ? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, “Kíbọ́ọ̀dù mi kò gbọ́ Yorùbá.” Lóòótọ́, ètò lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Christopher Latham Sholes wá, ará Amẹ́ríkà, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ dé ọjà ní 1874. Kò rò ti ẹ wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì rẹ̀ gan-an, 1875, àwọn CMS pe ìpàdé sí Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà láìní iná mànàmáná, àwa tí a ní láptọ́ọ̀pù ń ṣàròyé.

Mo gbà pé nǹkan le fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní 1990 sí 1999. Ohun tí wọ́n bá fi sùúrù tẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan a máa di ìdàkudà lórí òmíràn. Lónìí, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ káàkiri ayé. Nínú Word, ẹ tẹ 1EB9, kí ẹ sì tẹ Alt àti X pọ̀: ẹ nìyẹn. 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Bí ẹ bá fẹ́ àmì òkè, ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú 0301 lẹ́yìn ẹ. 0300 ni ti ìsàlẹ̀. Bí èyí bá le, Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú ètò èdè rẹ̀, Gboard orí fóònù náà ní in. Bí àmì bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, irú lẹ́tà tí ẹ yàn ni kí ẹ pààrọ̀.

Àwọn kan ní àyíká ọ̀rọ̀ yóò ṣàlàyé ara rẹ̀. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, mo fara mọ́ ọn. Nínú ìwé tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá sí lórí, n kò fara mọ́ ọn.

Ewì ọmọbìnrin yẹn tí kò jáde lọ́dún tó kọjá wà nínú ìwé yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, àmì rẹ̀ pé. Náírà 18,000 kò tíì padà.