Owó Gbà-Má-Bínú Kì Í Ṣe Ìtọrẹ

Òfin ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Íńdíà ti ọdún 1989 sọ pé bí èrò bá ṣèèṣì já bọ́ láti inú ọkọ̀ tó sì kú, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú, ìyẹn owó ìtùnú tí òfin fọwọ́ sí, fún àwọn tó gbójú lé e, yálà òṣìṣẹ́ ọkọ̀ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Láti ọdún 2017, iye náà jẹ́ 800,000 rúpì. Ní ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pinnu pé àìrí tíkẹ́ẹ̀tì lára òkú nìkan kò tó láti já ẹbí kulẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ti búra sí ẹ̀rí wọn, ọrùn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ni ẹrù àtifi hàn pé olóògbé kì í ṣe èrò tó sanwó bọ́ sí. Ìdájọ́ yìí tọ́. Ó yẹ kí iléeṣẹ́ náà tẹ̀ lé e láìfi ẹjọ́ falẹ̀.