Ọmọ Ológbò Nínú Ilé

Ẹni tó bá torí èkúté mú ọmọ ológbò wọlé, ó ti ra ìjàngbọ̀n díẹ̀ mọ́ ọn. Kí èkúté tó gbọ́ pé àlejò dé, aṣọ fèrèsé ti fàya, ìwé tí tíṣà ń máàkì ti di ibùsùn. Lóru, nígbà tí oorun ń dùn mọ́ onílé, ni í máa sáré kiri. Àwọn kan ní àjẹ́ ni. Eré ọmọdé lásán ni.

Ẹ má nà án. Kò ní mọ ohun tó ṣe, ẹni tó nà án ni yóò máa sá fún. Ẹ gbé àpò ìdọ̀họ ògbólógbòó sí ẹ̀gbẹ́ àga tó ń ha, kí ó rí ibi pọ́n èékánná. Ẹ bá a ṣeré nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó fún un lóúnjẹ, yóò sùn.

Ṣùgbọ́n ti òwú ìránṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún wínníwínní tó kọjú sẹ́yìn. Òwú tó bá kọ́ ọ, gbígbé ló máa ń gbé e mì, ó sì lè ya ìfun rẹ̀. Inú agolo ni kí òwú àti abẹ́rẹ́ máa wà. Ẹ má sì lo májèlé èkúté mọ́: ológbò tó bá jẹ èkúté tó jẹ májèlé lè bá a kú.

Bó bá pé oṣù 3, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún abẹ́rẹ́ àjẹsára digbòlugi. Bó bá bu ọmọ jẹ tàbí tó ha á lẹ́jẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí epo pupa jókòó sínú ìgò rẹ̀.