Àṣírí ọ̀gá dọwọ́ ọmọọṣẹ́: àwàdà ni lórí fóònù, ẹ̀wọ̀n ni nílé-ẹjọ́

Láti Òrè títí dé Omífunfun, nílẹ̀ Odigbó, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo eré apanilẹ́rìn-ín báyìí. Ìtàn kan tó sábà máa ń jẹ yọ nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni ti ọ́fíìsì: akọ̀wé rí ohun tí ọ̀gá kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó rọra fi fóònù ká a sílẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti di ẹni tí ń ra oúnjẹ ọ̀sán fún un. Kí eré tó parí, awakọ̀ ti gbọ́, mẹ́sẹ́ńjà ti gbọ́, kálukú sì ti wá béèrè ìpín tirẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè bá òṣèré wí pé ó pa ni lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀ràn ńlá ni ohun tí akọ̀wé inú eré ń ṣe yìí ní Nàìjíríà. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015, sọ ní abala 24 pé ẹni tó bá ti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù halẹ̀ pé òun yóò ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́, kí ó lè gba owó tàbí dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí kí ó san ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 15 náírà. Ó sì lè jẹ́ méjèèjì pa pọ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà lọ́dún 2024 kò pa ìjìyà yìí rẹ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí David Letterman, gbajúmọ̀ aláwàdà orí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọdún 2009, ó sọ fáwọn òǹwòran rẹ̀ pé ẹnì kan fẹ́ gba mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ́wọ́ òun, àti pé lóòótọ́ lòun ti bá àwọn obìnrin tó ń bá òun ṣiṣẹ́ lò pọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín; wọ́n rò pé àwàdà ni. Òṣìṣẹ́ CBS, ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń gbé ètò Letterman jáde, lẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹni tó fẹ́ ta ìtàn fíìmù ló ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Letterman lọ bá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, wọ́n fún ọkùnrin náà ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú, wọ́n sì mú un. Lọ́dún 2010, ó gbà pé òun jẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 6.

Nílé níbí, Tiwa Savage ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lóṣù Kẹwàá, ọdún 2021. Òun fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí náà lórí rédíò ní Amẹ́ríkà, ó ní òun kò ní sanwó fẹ́ni tó ń fi fídíò halẹ̀ mọ́ òun. Ẹni tó bá sanwó, ṣé fídíò yóò tìtorí ìyẹn kúrò nínú fóònù ẹni tó gbà á?

Ibi tí àwọn eré wọ̀nyí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀gá ni wọ́n ń mú kúnlẹ̀ ṣáá. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ló ń kọ ìwé ìgbéga, òun náà ló lè dáni dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìwé-ẹ̀rí ayédèrú tàbí àwòrán ìhòòhò ọmọọṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò béèrè lè ju oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ó ṣòro kí ọmọbìnrin tí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ sí tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pàápàá nílùú tí ọlọ́pàá tí yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ti lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀gbẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú àwọn eré ọ̀hún.