Kí Ọlọ́jà Dán Èrò Rẹ̀ Wò Kí Ó Tó Yọ Owó Àjọ

Èrò rere kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Òkè Ọya. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni sùúrù láti dán èrò náà wò. Ẹlòmíràn yóò kó owó àjọ ọdún mẹ́ta, yóò gba ṣọ́ọ̀bù, yóò ra ẹ̀rọ, kí ó tó mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń fẹ́ ohun tí ó fẹ́ tà. Bí ọjà bá kùtà, gbèsè ni yóò gbé relé ní àkókò Iléyá tàbí Kérésìmesì.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Inú ìdílé amọ̀kòkò ni a bí olóògbé Mohammed Bah Abba sí, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Jígáwá. Ó rí i pé irè oko ń bàjẹ́ ní àwọn abúlé tí kò ní iná mànàmáná. Ní 1995, ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó da yanrìn sí àárín wọn, ó fi omi rin ín, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi ti ń gbẹ lára ìkòkò òde, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó ooru inú lọ. Ikàn, tí àwọn Hausa ń pè ní yalo, tí í máa ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3, lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ní 2000, ó gba ẹ̀bùn Rolex.

Àkọ́ṣe kò ní láti lẹ́wà. Kí ó ṣiṣẹ́ ni ó jù. Ibi tí a ó ti lò ó ni kí a sì ti dán an wò. Ìkòkò tí ń ṣe bẹbẹ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ Jígáwá kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin pọ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá fi èrò han ènìyàn, wọn yóò jí i. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n èrò tí a tì mọ́ inú àpótí kò tíì bọ́ ọmọ ẹnìkan.

Bébà ni ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ fi ń kọ́ bí a ti ń gé aṣọ. Kì í kọ́kọ́ ki àlùmọ́gàjí bọ lééṣì oníbàárà. Kí ọlọ́jà ṣe díẹ̀, kí ó gbé e fún àwọn aládùúgbò, kí ó gbọ́ àléébù rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n bá padà wá fi owó ara wọn ra òmíràn, ìgbà náà ni kí ó tó yọ owó àjọ.