Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Wọlé Ni Ìyàálé

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ mọ́ iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí, nítorí pé nígbà tí a bá ti sùn ni àwọn tí ó ń ṣe é máa ń jí.

Arábìnrin kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó kọ̀wé sí wa. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di awakọ̀ òfurufú ní ilé iṣẹ́ kan tí ó ń fi bàálù kó ẹrù. Ó ní nígbà tí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ dé, àwọn jó, àwọn yọ̀. Ṣùgbọ́n kò tó oṣù mẹ́fà tí ayọ̀ náà fi di ẹ̀dùn. Bàálù tí ó wu ọkọ rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fún un. Ìlú tí wọ́n ń gbé kọ́ ni wọ́n yàn án sí. Ọjọ́ Kérésìmesì, ẹnu iṣẹ́ ni ó wà. Ìyá arábìnrin yìí, tí ó wá láti ilé láti bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun, ń ráhùn pé ọkọ ọmọ òun kì í ṣe nǹkan mìíràn ní ọ̀sán ju kí ó sùn lọ. Èyí tí ó wá dun arábìnrin wa jù ni pé ọmọkùnrin kan tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún ń mú iṣẹ́ tí ó dára lójú ọkọ rẹ̀ tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Ó béèrè pé: "Ṣé nítorí pé a jẹ́ àlejò ni wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ ọkọ mi? Ṣé kí n sọ fún un pé kí ó wá ilé iṣẹ́ mìíràn lọ?"

Arábìnrin wa, a gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí. Ẹni tí kò bá mọ òfin ilé tí ó wọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ ni yóò dà bí ìyà lójú rẹ̀.

ÒRU NI ỌJÀ WỌN

Ní òru ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1973, ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí FedEx lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Bàálù kéékèèké 14 ni wọ́n ní, ẹrù 186 péré ni wọ́n sì kó lọ sí ìlú 25. Ilé iṣẹ́ UPS ti wà láti ọdún 1907, ṣùgbọ́n ọdún 1988 ni ó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀ sílẹ̀. Ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ni ibùdó ńlá rẹ̀ wà.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà ṣiṣẹ́. Wọ́n á gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́. Bàálù láti ìlú púpọ̀ á kó wọn wá sí ibùdó yẹn lóru. Àwọn òṣìṣẹ́ á tú ẹrù, wọ́n á ṣà á ní ìlú-ìlú, wọ́n á tún kó o padà sínú bàálù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàálù ti gbéra. Ìdí nìyí tí ẹrù tí a fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé fi lè dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ yìí ti gba òru mọ́ ọn.

NỌ́ŃBÀ NI ÀGBÀ

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jẹ́ ọmọdé nínú iṣẹ́. Láti ọdún 2013, òfin Amẹ́ríkà béèrè ìwé àṣẹ tí ó ga jù lọ lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá awakọ̀ pàápàá. Kí ènìyàn tó lè gba ìwé yìí, ó ní láti ti lo wákàtí 1,500 lójú òfurufú, àfi àwọn tí ó ti iṣẹ́ ológun wá tàbí tí ó gba oyè nínú rẹ̀ ní yunifásítì, tí a dín tiwọn kù. Nítorí náà, ẹni tuntun lè ti jẹ́ ọ̀gá níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá wọlé, nọ́ńbà ni wọ́n á fún un. Bí awakọ̀ 3,000 bá ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé, nọ́ńbà 3,001 ni tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni yóò sọ bàálù tí yóò wà, ìlú tí yóò ti máa gbéra, ọjọ́ tí yóò sinmi, ìgbà tí yóò gba ìsinmi ọdún, àti ìgbà tí ó lè di ọ̀gá awakọ̀. Wọn kò ní béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Wọn kò ní béèrè iye ọdún tí ó ti lò níbi tí ó ti ń bọ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Nínú agbo ilé àwọn bàbá wa, ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ìyàálé, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé ni. Ọmọ ogún ọdún tí ó ti wà nílé ni ìyàálé fún ẹni ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Kódà, ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, kì í pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ mìíràn ni yóò fún un, tí yóò fi máa pè é. Kì í ṣe pé ọmọ náà gbọ́n jù ú lọ. Ó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé ni.

Nítorí náà, arábìnrin wa, ọmọkùnrin tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún yẹn, ìyàálé ọkọ yín ni.

BÀÁLÙ WO NI WỌN YÓÒ FÚN UN?

Àwọn tí wọ́n gbà lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Láàrin àwọn yìí pàápàá, àgbà wà. Ní àwọn ilé iṣẹ́ kan, ẹni tí ó dàgbà jù ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ á gbé ìwé àyè tí ó ṣí sílẹ̀ síwájú wọn: àyè báyìí lórí Boeing 757 àti 767, àyè báyìí lórí Airbus A300, àyè báyìí lórí Boeing 747. Ẹni àkọ́kọ́ á mú, ẹnì kejì á mú. Ẹni tí ó kẹ́yìn, ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni tirẹ̀. Bí bàálù tí ó wu ọkọ yín kò bá kù mọ́ nígbà tí ó kàn án, kò sí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàálù kọ̀ọ̀kan ní irú ayé tí ó ń fún ènìyàn. Àwọn kan ń fò láàrin Amẹ́ríkà, wọ́n á balẹ̀, wọ́n á tún gbéra, lóru kan náà. Àwọn ńlá ń lọ sí Éṣíà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró gba epo ní ìlú Anchorage ní ìpínlẹ̀ Alaska. Awakọ̀ irú èyí lè má rí ilé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá dé, ó lè ní ọjọ́ púpọ̀ tí yóò fi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí èyí tí kò ní wàhálà tirẹ̀.

Bí wọ́n bá ti yan bàálù fún un, yóò lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀kọ́. Yóò jókòó nínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe bí iwájú bàálù gẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í kúrò nílẹ̀. Wọ́n á dán an wò. Lẹ́yìn náà yóò bá ọ̀gá tí ó jẹ́ olùkọ́ fò kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Owó ńlá ni ilé iṣẹ́ ń ná sórí èyí, ìdí nìyí tí wọn kì í fi jẹ́ kí ẹni tuntun tètè pààrọ̀ bàálù. Ó lè tó ọdún méjì. Ọdún àkọ́kọ́ tún jẹ́ ọdún ìdánwò, òun náà sì ni owó oṣù kéré jù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun kan. Ní àtijọ́, lórí Boeing 727, ènìyàn mẹ́ta ni ó ń jókòó níwájú. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ẹrù ni ó bẹ̀rẹ̀ lórí ìjókòó kẹta yẹn, tí wọ́n ń wo aago ẹ̀rọ, tí ọwọ́ wọn kò kan ìdarí. FedEx fi 727 rẹ̀ tí ó kẹ́yìn tì ní ọdún 2013. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, MD-11 kan já ní Louisville. Àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn mìíràn sì kú lórí ilẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí gbogbo MD-11 dúró sílẹ̀. Gbogbo awakọ̀ tí MD-11 jẹ́ iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ dá dúró lójijì. Bàálù á lọ, nọ́ńbà á kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ yín sunkún bàálù ju bí ó ti yẹ lọ.

FÓÒNÙ TÍ Ó LÈ DÚN NÍGBÀKÚÙGBÀ

Lóṣooṣù tàbí ní àsìkò tí wọ́n bá dá, ilé iṣẹ́ á gbé ètò ìrìn-àjò jáde, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì kọ èyí tí ó fẹ́. Wọ́n ń pè é ní bíìdì. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Nígbà tí yóò bá fi kan ẹni tuntun, Kérésìmesì ti tán, Ọdún Àjíǹde ti tán, òpin ọ̀sẹ̀ ti tán. Ohun tí ó máa ń ṣẹ́kù jù ni dídúró de ìpè. Kò ní ìrìn-àjò kan pàtó, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá mú ẹnì kan, tàbí ẹrù bá pọ̀ jù, wọ́n á pe fóònù rẹ̀, ó sì ní láti dé ibùdó láàrin wákàtí tí wọ́n dá fún un.

Bí ilé ẹni bá jìnnà sí ibùdó, èyí le. Ọ̀pọ̀ ló ń bá bàálù mìíràn lọ sẹ́nu iṣẹ́, lórí ìjókòó àfikún tí ó wà lẹ́yìn àwọn awakọ̀, wọ́n á sì para pọ̀ gba yàrá sí ìlú ibùdó, níbi tí ènìyàn púpọ̀ ti ń sùn ní ìpín-ìpín. Nínú irú èyí, ọjọ́ tí ó yẹ kó fi sinmi nílé, ojú ọ̀nà ni yóò ti lò ó.

BÍ Ó BÁ KÚRÒ ŃKỌ́?

Nọ́ńbà kì í bá ènìyàn lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, DHL kéde pé òun yóò dáwọ́ kíkó ẹrù láàrin Amẹ́ríkà dúró, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Ibùdó rẹ̀ ní Wilmington, ní ìpínlẹ̀ Ohio, dákẹ́. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ níbẹ̀, bí ó bá rí iṣẹ́ níbòmíràn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú irun funfun lórí. Bí iṣẹ́ bá sì dín, ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn ni ó ń kọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 2010, UPS dá àwọn awakọ̀ tí ó lé ní 100 dúró fún ìgbà kan. Àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nísàlẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Bí ọkọ yín bá rí ilé iṣẹ́ tí ó dára jù èyí lọ ní tòótọ́, kí ó tètè lọ, nítorí ọdún tí ó bá lò níbí kò ní bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé bàálù àti Kérésìmesì nìkan ni ó ń bí i nínú, kí ó dúró. Ibi tí ó bá lọ, ìyàwó tuntun ni yóò tún jẹ́. Òfin ní Amẹ́ríkà sì ni pé awakọ̀ irú èyí kò gbọdọ̀ wà á mọ́ bí ó bá ti pé ọdún 65. Bí àgbà kan bá ti fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú.

Ní ti ọ̀rọ̀ àlejò, a kò sọ pé kò sí ẹ̀tanú ní ilẹ̀ ọlọ́ilẹ̀. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n wà. Kí ọkọ yín wo ìwé nọ́ńbà. Bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá gba ohun tí òun náà béèrè fún, kí ó mú un lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ni, kí ó mú sùúrù.

OHUN TÍ ILÉ LÈ ṢE

Èkíní, oorun. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, bàálù ẹrù kan tí ó gbéra láti Louisville já nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, kí ilẹ̀ tó mọ́. Awakọ̀ méjèèjì kú. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ka àárẹ̀ mọ́ ohun tí ó dá kún un. Nígbà tí òfin tuntun lórí ìsinmi awakọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2014, àwọn tí ń kó èrò ni wọ́n fi dè. Wọ́n yọ àwọn tí ń kó ẹrù sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé ni ẹ óò bá a ṣọ́ oorun rẹ̀. Ẹ sọ fún Màmá pé ẹni tí ó ń sùn ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Òru tirẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n má ṣe gún iyán lẹ́bàá yàrá rẹ̀. Kí a má ṣe jí i nítorí àlejò. Bí ó bá sì sọ pé ó ti rẹ òun jù láti fò, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má ṣe dárúkọ owó.

Èkejì, owó. Ẹ má ṣe fi owó ọ̀gá awakọ̀ ra ilé nígbà tí ó ṣì jẹ́ igbákejì.

Ẹ̀kẹta, ibùgbé. Ẹ jọ ro ó bóyá kí ẹ kó lọ sí ìlú ibùdó. Ẹni tí ó ń dúró de ìpè nínú ilé tirẹ̀, ó ń rí ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ ọdún. Bí ètò iṣẹ́ bá jáde, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri. Bí Kérésìmesì bá bọ́ sí ẹnu iṣẹ́, ẹ pa adìẹ yín ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ kékeré kò mọ déètì. Ó mọ ọjọ́ tí bàbá wà nílé.

Àti ẹ̀yin ará ìjọ, bí ẹ kò bá rí irú arákùnrin bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má ṣe tètè sọ pé ó ti fà sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó wà lójú òfurufú.

Nọ́ńbà ọkọ yín yóò gòkè, arábìnrin wa. Ọdún ni yóò gbé e gòkè, kì í ṣe ìbínú. Àwa náà ti rí ìyàwó tuntun tí ó di ìyàálé. Títí a ó fi tún pàdé ní abala yìí, kí ilé gbogbo wa ó tùbà, kí ó tùṣẹ.