Ẹyin Kì Í Sọ Ọmọ Dolè

Láti Ìjerò dé Arámọkọ, títí wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, a mọ bí wọ́n ṣe ń pín ọbẹ̀ ẹyin ní ilé púpọ̀. Ìyá á lọ tòmátò, tàtàsé, ata rodo àti àlùbọ́sà, á dín in títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, á wá da ẹyin tó ti lù lé e lórí. Kò ní í tètè rò ó, kí ẹyin lè dì. Bó bá kan isu jíjẹ, bàbá ló ni ẹyin. Ọmọ á fi isu tirẹ̀ nu ata tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin á dolè.

A kọ̀ jálẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ní nǹkan bíi gíráàmù 6 èròjà amúaradàgbà. Ta ni ara rẹ̀ ń dàgbà nínú ilé: bàbá tó ti ga tán, àbí ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le?

Ẹ má sì sọ fún wa pé àṣà ni. Tòmátò àti ata inú ìkòkò yẹn, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Àwọn baba wa gbà wọ́n, ọ̀run ò tìtorí ẹ̀ ya. Àwọn ará Tùnísíà náà ń se ẹyin sínú ata bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní shakshuka, tọmọdé tàgbà ló sì ń jẹ ẹ́.

Ohun tó lè kọ́ ọmọ lólè ni kó máa gbóòórùn ohun tí wọn ò ní í fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu ẹyin sórí isu ọmọ kẹ́ ẹ tó bu tiyín.