Omi Ẹsẹ̀ Màlúù Tó Ń Dì Nínú Ìkòkò Yín

Lẹ́tà tó ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ ti pọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, NILEST, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ awọ ní Zaria, dábàá pé kí wọ́n ṣòfin tí kò ní jẹ́ ká jẹ pọ̀nmọ́ mọ́. Wọ́n ní awọ tó yẹ kó di bàtà la ń jẹ. Ìyá oníponmọ́ kan ní ọjà Agosasa wá bi mí pé: "Ọmọ mi, ṣé àwọn ni yóò máa sanwó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi?" Kí ni n ó fi dá a lóhùn?

Èmi ò sọ pé ká má jẹ pọ̀nmọ́. Èyí tí a ń dà nù ló ń dùn mí. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń pa màlúù: eegun, iṣan, èérún awọ, gbogbo rẹ̀ inú gọ́tà, eṣinṣin ń yọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se ẹsẹ̀ màlúù, ṣé ẹ ti rí omi rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà ọyẹ́? Á ti dì, á máa mì lọ́tọ̀lọ́tọ̀. Ohun tó dì yẹn ni òyìnbó ń pè ní gelatin. Òun ni wọ́n sábà fi ń ṣe èèpo kápúsù tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ gbọ́ o: awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tó ń ti Yúróòpù wá. Màlúù tí a dú ní bisimillah sì ń bẹ lọ́dọ̀ wa!

Ti oògùn gba iléeṣẹ́ ńlá, kì í ṣe ti ìkòkò. Ṣùgbọ́n gúlù káfíntà, ìkòkò tó o. Ẹ rẹ èérún awọ àti iṣan sínú omi láìmù fún ọjọ́ mélòó kan (ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, á jó yín), kí ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Ẹ wá gbé e kaná, kó gbóná, kó má hó. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú àwo pẹlẹbẹ, kó dì, kí ẹ gé e, kó gbẹ nínú afẹ́fẹ́. Ìwo àti pátákò kì í yọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fi wọ́n sí i. Awọ tí wọ́n ti fi oògùn ṣe fún bàtà, ẹ má jẹ ẹ́ láéláé.

Mo dán an wò. Ìkòkò àkọ́kọ́, mo jẹ́ kó máa hó kutukutu, kò dì rárá, òórùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ìyá onílé lé mi jáde. Èkejì dì dáadáa. Mo gbé e fún bàbá káfíntà kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú rẹ̀ ni ọ̀gá òun ń sè nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́. Ó fi lẹ ẹsẹ̀ àga mi. Orí àga náà ni mo jókòó sí kọ èyí. Inú ilé nìkan ni mò ń gbé e sí, torí bí omi bá kàn án, ó tú.

Ìyá oníponmọ́ náà ti ń kó èérún awọ rẹ̀ sínú garawa báyìí. Ó ní kí n wá sọ iye tí òun máa tà á.